Adé Tí Dókítà Magbanua Gbé Lọ Síbi Tí Ẹnikẹ́ni Kò Ti Du Adé

Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ní èbúté San Gaudencio, kì í ṣe ojú ẹbí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rí. Ojú Dókítà Eleuterio Magbanua ni. Ojú náà wà lórí bánà gbàgàdà lẹ́nu èbúté, ó ń rẹ́rìn-ín, ó na àtàǹpàkò sókè bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá òkun tán. Bí àlejò bá rìn síwájú, yóò tún pàdé ojú kan náà lára ibùdókọ̀, lára ilé ìwòsàn, lórí òrùlé pápá bọ́ọ̀lù agbọ̀n, àti lára mọ́tò tí ń gbé òkú, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé: Ó dìgbóṣe, láti ọwọ́ Dókítà Magbanua.

Nígbà tí wọ́n tún ògiri etíkun mọ, bánà jáde pé iṣẹ́ Dókítà Magbanua ni. Nígbà tí ọ̀dá dá, tí òjò wá rọ̀ níkẹyìn, ilẹ̀ kò tíì mu omi tán tí bánà mìíràn fi jáde: Ẹ kú oríire òjò, láti ọwọ́ Dókítà Magbanua. Ọlọ́run kò bá a du ú.

Oyè dókítà náà, ilé ẹ̀kọ́ kan tí ó fún ní fáànù ló fi ta á lọ́rẹ. Obìnrin kan tí inú ń run pàdé rẹ̀ lọ́nà lọ́jọ́ kan, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó wo òun. Ó fún un ní kàlẹ́ńdà tí àwòrán rẹ̀ wà lórí gbogbo oṣù.

Ipò tí ó wà lásìkò tí à ń sọ yìí ni olórí ẹ̀ka òṣìṣẹ́ ní ilé ìjọba ìlú. Òun ló ń gbani, òun ló ń gbéni ga, òun ló ń léni. Ní gbogbo ilé ìjọba ní orílẹ̀-èdè wa, òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni òṣìṣẹ́ máa ń tò sí àgbàlá, wọ́n á fa àsíá sókè, wọ́n á kọrin, wọ́n á jẹ́jẹ̀ẹ́, wọ́n á sì lọ ṣíṣẹ́. Ní San Gaudencio, Dókítà Magbanua máa ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn orin. Àwọn ará ìlú tó fẹ́ gba ìwé àṣẹ ti mọ̀ pé lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé ni kí àwọn wá, kí àwọn sì gbé oúnjẹ dání.

Akọ̀wé rẹ̀, Ìyáàfin Perpetua Lagrosa, ló máa ń dúró tì í pẹ̀lú agbòòrùn. Òun náà ló máa ń bẹ̀rẹ̀ àtẹ́wọ́.

"Sà, ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n tẹ ìyẹn jáde?" ni yóò wí sí i létí.

"Èwo?"

"'Ẹ káàárọ̀' tẹ́ ẹ sọ yẹn, sà. Ó jinlẹ̀."

Nítorí irú ọ̀rọ̀ jíjinlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó fi pa àṣẹ kan tí kò yí padà: ọ̀rọ̀ rẹ̀ yòówù tí ará ìlú bá pàtẹ́wọ́ fún dáadáa, kí Perpetua tẹ̀ ẹ́ sórí bánà kíákíá, kí ó gbé e kọ́ káàkiri ìlú. Kí ó má sì padà wá bèèrè lọ́wọ́ òun, nítorí ọ̀rọ̀ ńlá a máa tutù bí ọbẹ̀. Ó tún pàṣẹ fún ẹgbẹ́ onífèrè ìlú pé nígbàkigbà tí òun bá dákẹ́ lórí ìtàgé, kí wọ́n fọn fèrè, kí ìdákẹ́jẹ́ má baà wọ ibi tí òun wà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àṣẹ méjèèjì yìí sọ́kàn.

Òfin kan wà ní ìlú wa. Irú rẹ̀ fún orílẹ̀-èdè ti ń sùn ní ilé ìgbìmọ̀ ní Manila, olú-ìlú wa, láti ìgbà pípẹ́, nítorí náà ìlú kọ̀ọ̀kan ń dá tirẹ̀ ṣe. Òfin náà ní agbanisíṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ fi iṣẹ́ du ènìyàn, kò gbọdọ̀ dá ìgbéga rẹ̀ dúró, kò sì gbọdọ̀ lé e, nítorí pé ọkùnrin ni, ó sì fẹ́ràn ọkùnrin, tàbí obìnrin ni, ó sì fẹ́ràn obìnrin, tàbí wọ́n kọ ọkùnrin sí ìwé ìbí rẹ̀ ṣùgbọ́n ó ń gbé ayé gẹ́gẹ́ bí obìnrin. Aṣọ wà nínú òfin náà. Irun wà nínú rẹ̀.

Magbanua wà nínú ìgbìmọ̀ ìlú lọ́dún tí wọ́n ṣe é. Kò wá lọ́jọ́ náà, ó ń ṣe bàbá ìsàmì fún ọmọ mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta. Ṣùgbọ́n kí àwọn tó ṣe òfin tó délé, bánà ti wà ní èbúté: Òfin Dókítà Magbanua. Nígbà tí òfin náà ní kí wọ́n yan ìgbìmọ̀ tí yóò máa gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́, ó fi ara rẹ̀ ṣe alága. Ìgbìmọ̀ náà kò tíì jókòó rí. Alága ń dúró de àga igi narra tí ó ní kí wọ́n gbẹ́ orúkọ òun sí lẹ́yìn, agbẹ́gilére sì ní orúkọ náà gùn.

Wàyí o, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Jerlyn Dumalagan ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí òfin yẹn dárúkọ gbẹ̀yìn ni: obìnrin ni, ohun yòówù tí ìwé ìbí rẹ̀ ìbáà wí. Fèrèsé kẹrin ni ó ń jókòó sí, níbi tí wọ́n ti ń gba ìwé àṣẹ ìṣòwò. Òṣìṣẹ́ onígbà-díẹ̀ ni láti ọdún méje. Ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni wọ́n ń tún ìwé iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, bí wọ́n bá sì gbàgbé, ó parí nìyẹn. Àyè òṣìṣẹ́ tòótọ́ wá ṣí sílẹ̀, ti ọ̀gá gbogbo fèrèsé. Jerlyn ṣe ìdánwò, ó sì ṣe ipò kìíní. Ìbúwọ́lù Magbanua ló kù, àti ìbúra níwájú àsíá lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀.

Ó ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Nánay, mi ò tún ní máa wo kàlẹ́ńdà bí ẹni ń wo ejò mọ́."

Magbanua ránṣẹ́ pè é. Kò wo ojú rẹ̀. Láti ìgbà tó ti wọlé títí tó fi jáde, irun rẹ̀ tó balẹ̀ dé ẹ̀yìn ni ọ̀gá ń wò.

"Irun yìí," ni Magbanua wí, "ta ló ni ín?"

"Èmi ni, sà."

"Òṣìṣẹ́ ìjọba ò nírun. Ìjọba ló nirun. Irun òṣìṣẹ́ ni àsíá kejì ìlú yìí. Ṣé o ti rí ibi tí wọ́n ti ń jẹ́ kí àsíá balẹ̀ déjìká rí?"

"Ó jinlẹ̀, sà," ni Perpetua wí láti igun yàrá.

"Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó o máa búra, ẹ̀wù barong ọkùnrin ni kó o wọ̀. Kí irun yẹn sì ti wálẹ̀."

"Sà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ọdún méje ni mo ti wà ní fèrèsé kẹrin. Ṣẹ́nì kan ti wá fẹjọ́ irun mi sùn yín rí?"

"Èmi ni mò ń fẹjọ́ ẹ̀ sùn ara mi báyìí."

"Òfin wà lórí ẹ̀, sà. Àwòrán yín tiẹ̀ wà lórí ẹ̀ ní èbúté."

Magbanua rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín orí bánà. "Òfin èmi gan-an ni. Ajá èèyàn kì í gbó olówó ẹ̀."

Jerlyn fọwọ́ kan irun náà. "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, sà, mi ò ní gé e."

"Máa lọlé nígbà yẹn. Tó o bá gé e, padà wá. Tó ò bá gé e, ẹni tó ṣe ipò kejì ti ń dúró, irun tiẹ̀ sì mọ níwọ̀n."

Báyìí ni wọ́n dá a padà sílé. Ta ni yóò fẹjọ́ náà sùn? Ìgbìmọ̀. Ta ni alága ìgbìmọ̀? Adìẹ fẹ́ fẹjọ́ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sùn, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ló sì ni àga ìdájọ́. Àga náà gan-an kò tíì dé.

Ilé ìṣerun Mama Chona ni Jerlyn lọ sunkún sí, ṣùgbọ́n kò rí àyè sunkún níbẹ̀. Mama Chona ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Bakla ni, bí àwa níbí ṣe ń pe ọkùnrin tó bá ń ṣe bí obìnrin tó sì fẹ́ràn ọkùnrin, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́ rẹ̀ lọ. Gbogbo ìdíje ẹwà tí àwọn bakla ti ṣe nígbà àjọ̀dún ìlú, òun ló ń ṣe atọ́kùn rẹ̀. Lọ́yà Bing Salcedo wà níbẹ̀ bákan náà, wọ́n ń gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Obìnrin tó fẹ́ràn obìnrin ni Bing. Òun àti nọ́ọ̀sì kan ni wọ́n jọ ń gbé, tí wọ́n sì jọ ń sin ajá mẹ́rin.

"Kó o gé e kẹ̀?" ni Chona wí. "Irun tí mo fi epo àgbọn tọ́ bí ọmọ? Ó dáa. Kóun náà jẹ́ kí n fi tiẹ̀ sílẹ̀ láìpa á láró lọ́sẹ̀ kan, ká wo ẹni tó máa dá a mọ̀ lórí bánà. Orí yẹn funfun bí òwú, ọmọ mi. Ọwọ́ mi lẹ̀ ń rí tẹ́ ẹ bá ń rí dúdú."

"Mama, ẹ má bá mi fọ̀rọ̀ yìí ṣeré."

"Mi ò ṣeré. Inú ló ń bí mi, bó ṣe máa ń jáde lẹ́nu mi nìyẹn."

Bing ní, "Gbàrà tí mo gbọ́ ni mo lọ bá Méyọ̀. Ó ní òun mọ̀ pé o jàre. Ó ní ṣùgbọ́n tóun bá yọ Magbanua nípò, ìdajì ìlú ni ọmọ ìsàmì ẹ̀, wọ́n á ní òun ń ṣe ìlara bàbá wọn. Ó ní àfi tí Magbanua bá fẹnu ara ẹ̀ sọ pé ohun tóun ṣe ò dáa."

"Ìgbà wo nìyẹn máa ṣẹlẹ̀?"

"Ìgbà tí àga ẹ̀ bá dé," ni Chona dáhùn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín, Jerlyn náà.

Bing ni ó dá ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Banig sílẹ̀. Banig ni ẹní tí a ń hun ní erékùṣù wa. Ewé kan kò lè jẹ́ ẹní, ṣùgbọ́n bí a bá hun wọ́n pọ̀, ènìyàn á sùn lé e. Àwọn òṣìṣẹ́ bíi ti Jerlyn, ti Bing àti ti Chona ni ó wà nínú ẹgbẹ́ náà, láti inú bánkì, ilé ìwòsàn, òtẹ́ẹ̀lì àti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń dáhùn fóònù àwọn òyìnbó. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé yẹn ni wọ́n fẹ́ ṣe ìpàdé ńlá wọn àkọ́kọ́. Àwọn tó ń wáṣẹ́ yóò pàdé àwọn tó ń gbani síṣẹ́, àwọn tó ti dé ipò gíga yóò sọ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn bí wọ́n ṣe débẹ̀, Bing yóò sì ṣàlàyé òfin fún gbogbo wọn. Wọ́n pe Méyọ̀. Wọ́n pe Magbanua náà, nítorí òun ni alága tí ìgbìmọ̀ rẹ̀ kì í jókòó.

Àárọ̀ Sátidé náà, Magbanua wà lórí àga Chona, aró wà lórí rẹ̀.

"Chona, ta lo rò pé ó máa gbadé nírọ̀lẹ́?"

"Adé wo, sà?"

"Ti ìdíje ẹwà yín."

"Kì í ṣe ìdíje ẹwà, sà. Àwọn tó ń wáṣẹ́ ló fẹ́ pàdé..."

"Mo ti ra adé náà. Ó ń dán ju ti ọdún tó kọjá lọ."

"Sà, àwọn akáúntáǹtì ló ń bọ̀. Nọ́ọ̀sì. Ẹnjiníà."

"Orúkọ mi wà lẹ́yìn ẹ̀," ni Magbanua wí, ó sì pa ojú dé bí ẹni tó ń gbọ́ orin.

Ẹ má bú u jù. Láti ìgbà tí ó ti ń ṣe òṣèlú, ibi tí bakla bá pé sí ní àjọ̀dún, ìdíje ẹwà ni, òun ni adájọ́, òun ló ń gbé adé wá. Pé wọ́n lè péjọ nítorí iṣẹ́, bí ọmọ ènìyàn yòókù, kò wọ orí náà, bó ti wù kí aró pọ̀ tó lórí rẹ̀. Chona ti sọ fún un, ó tún un sọ. Ó padà sídìí aró rẹ̀.

Pápá bọ́ọ̀lù agbọ̀n ni wọ́n ti ṣe ìpàdé náà. Àga rọ́bà tò lọ rẹrẹ, tábìlì àwọn agbanisíṣẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, lumpia gbígbóná àti ìrẹsì wà lórí tábìlì oúnjẹ. Àwọn ènìyàn wọ aṣọ iṣẹ́, wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ń bèèrè ibi tí kálukú ti ń ṣiṣẹ́. Lójijì, fèrè dún. Magbanua wọlé pẹ̀lú ẹgbẹ́ onífèrè. Perpetua gbé adé tẹ̀ lé e lórí ìrọ̀rí pupa, ọ̀já sátíìnì méjìlá wà ní apá rẹ̀, orúkọ ọ̀gá rẹ̀ gùn lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó gun ìtàgé. "Ẹ̀yin òdòdó San Gaudencio," ó ní, "ẹ̀yin labalábá, ẹ̀yin òṣùmàrè tí mo fọwọ́ ara mi nà sójú ọ̀run ìlú yìí!" Fèrè dún. Ó sọ̀rọ̀ títí tí lumpia fi tutù. Ó wá wo ilẹ̀, ó wo àwọn akáúntáǹtì. "Àwọn tó ń díje dà? Wọn ò tíì wọṣọ?"

Chona gba maìkì. "Sà, bí wọ́n ṣe máa wọṣọ náà nìyí. Iṣẹ́ ni wọ́n ń du."

"Kò burú. Ẹ jẹ́ ká lọ sórí ìbéèrè àti ìdáhùn." Ó nawọ́ sí nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ ìrẹsì. "Ìwọ. Tó o bá jẹ́ ẹja, èwo nínú àwọn iṣẹ́ tí mo ti ṣe fún ìlú yìí lo máa lúwẹ̀ẹ́ lọ bá?"

Nọ́ọ̀sì náà gbé ìrẹsì mì. "Ògiri etíkun, sà. Ihò pọ̀ lára ẹ̀, èèyàn lè yé ẹyin síbẹ̀."

Ẹ̀rín sọ. Magbanua rò pé òun ni wọ́n ń yìn, ó tẹríba.

Nígbà náà ni Chona, tó ti ń bá èrò ṣeré láti ọdún pípẹ́, yí padà sí i. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ó dáa kí adájọ́ bèèrè káwa má bèèrè? Ẹ ò fẹ́ kí Dókítà náà dáhùn ìbéèrè kan ká gbọ́?"

Pápá náà hó. Ẹ rántí pé ọkùnrin yìí kò tíì fi maìkì sílẹ̀ fún ẹnì kan láyé rẹ̀. Ó tún kọ́là rẹ̀ ṣe. "Ẹ bèèrè. Ẹ má bẹ̀rù."

Jerlyn dìde láàárín èrò. Aṣọ iṣẹ́ fèrèsé kẹrin ni ó wọ̀, ó sì di irun rẹ̀ pọ̀ sẹ́yìn, ó lẹ̀ mọ́ orí. Magbanua wò ó, kò mọ̀ ọ́n. Irun ló mọ̀, irun kò sì sí níta.

Jerlyn gba maìkì. "Sà, obìnrin kan wà tó ti ń ṣiṣẹ́ fún ọdún méje. Ẹnikẹ́ni ò fẹjọ́ ẹ̀ sùn rí. Ó ṣèdánwò, ó ṣe ipò kìíní. Ọ̀gá ẹ̀ wá ní àfi kó gé irun ẹ̀ kó wọṣọ ọkùnrin, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ bọ́. Ó ti dá a padà sílé. Kí lẹ rò pé ó yẹ kí ìlú ṣe fún ọ̀gá yẹn?"

Magbanua rò pé òtẹ́ẹ̀lì kan ni, tàbí bánkì. Ó gbá àyà.

"Ọ̀gá yẹn? Ìtìjú ìlú ni! Ṣé kò ka òfin mi ni? Ṣé kò dé èbúté rí?" Àtẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀, ó sì gbóná sí i. "Mo ní, lọ́jọ́ Mọ́ńdè yìí ni kí obìnrin náà padà síbi iṣẹ́ ẹ̀, pẹ̀lú irun ẹ̀ lórí ẹ̀! Kí wọ́n yọ ọ̀gá yẹn kúrò lórí àga! Kó lọ dúró síbi tí obìnrin yẹn ń dúró sí, títí táá fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo ojú èèyàn!"

Gbogbo pápá dìde. Kò gba irú àtẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Perpetua sì ti yọ fóònù, ó ń pe àwọn tí ń tẹ bánà.

Méyọ̀ Remedios Tiongson, tó ti ń jẹ lumpia jẹ́ẹ́jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, nu ọwọ́. "Dókítà, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ sọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ, Méyọ̀. Mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i."

"Tó bá jẹ́ ọmọ ìsàmì yín ńkọ́?"

"Kódà kó jẹ́ ọmọ bíbí inú mi." Ó kọjú sí Jerlyn. "Dárúkọ ẹ̀, ọmọ mi. Dárúkọ ẹ̀ kí gbogbo ayé gbọ́."

Jerlyn fa ìdè irun rẹ̀ tú. Irun náà balẹ̀ dé ẹ̀yìn.

"Ẹ̀yin ni, sà."

Dókítà Magbanua dákẹ́. Bí ó sì ti dákẹ́, ẹgbẹ́ onífèrè, tí wọ́n mọ àṣẹ, fọn fèrè.

Ní ọjọ́ kejì, ó gbìyànjú láti sọ pé àpèjúwe lásán ni òun ń ṣe. Ó fẹ́ gba ibi èbúté lọ sílé Méyọ̀ lọ ṣàlàyé. Nígbà tó débẹ̀, ojú ara rẹ̀ ló bá, ó ń rẹ́rìn-ín, ó na àtàǹpàkò sókè, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì kà pé: LỌ́JỌ́ MỌ́ŃDÈ NI KÍ OBÌNRIN NÁÀ PADÀ! KÍ WỌ́N YỌ Ọ̀GÁ YẸN! Ọ̀rọ̀ Dókítà Magbanua. Ó wà ní ibùdókọ̀. Ó wà ní ilé ìwòsàn. Mọ́tò tí ń gbé òkú gbé e kọjá níwájú rẹ̀.

Ó pe Perpetua. "Ta ló ní kó o tẹ̀ ẹ́?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n má bèèrè, sà. Àtẹ́wọ́ yẹn ti pọ̀ jù. Ó sì jinlẹ̀, sà. Èyí jinlẹ̀ lóòótọ́."

Àwọn ọmọ ìsàmì rẹ̀ ti ń wá kí i nílé láti àárọ̀. Wọ́n ní àwọn kò mọ̀ pé bàbá àwọn nígboyà tó báyìí. Ta ló tún lè dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́ lójú gbogbo ènìyàn? Kò rí ẹni tí yóò bínú sí. Òun fúnra rẹ̀ ni ọ̀tá rẹ̀, ọ̀tá náà sì lókìkí.

Ọjọ́ Ajé, wọ́n fa àsíá sókè, wọ́n kọrin. Jerlyn, tí Méyọ̀ ti fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ rẹ̀, na ọwọ́ ọ̀tún, ó búra, atẹ́gùn òkun ń fẹ́ irun rẹ̀. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́yìn ògiri, ó ń sunkún, ó ń jẹ búrẹ́dì. Kò sí ọ̀rọ̀ gígùn lẹ́yìn orin, ẹnu sì ya àwọn ará ìlú pé fèrèsé ti ṣí láàárọ̀. Méyọ̀ fi Bing ṣe alága ìgbìmọ̀. Ìgbìmọ̀ náà jókòó lọ́sẹ̀ yẹn lórí àga rọ́bà, wọ́n gbọ́ ẹnu Jerlyn, wọ́n gbọ́ ẹnu Magbanua, wọ́n wo fídíò ohun tó ṣẹlẹ̀ ní pápá. Ìdájọ́ kò gbà wọ́n ní àsìkò. Ẹni tó jẹ̀bi ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn, ó sì ti ya àwòrán sí i.

Bẹ́ẹ̀ ni Dókítà Magbanua ṣe dé fèrèsé kẹrin. Jerlyn, tó ti di ọ̀gá gbogbo fèrèsé, ló kọ́ ọ níṣẹ́. Magbanua bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá òun lè lẹ àwòrán òun mọ́ gíláàsì.

"Gíláàsì yẹn kéré, sà," ni Jerlyn wí. "Ojú ẹni tó bá wá nìkan ló gbà."

Àwọn bánà yòókù ti wálẹ̀ báyìí. Àwọn apẹja ń sá ẹja lé wọn lórí, ẹja sì ń gbẹ dáadáa lórí ẹ̀rín náà. Ṣùgbọ́n èyí tó wà ní èbúté, tó ní kí obìnrin náà padà, ìyá Jerlyn ló bẹ̀bẹ̀ gbà á. Ó fi bo ilé ìdáná rẹ̀, òjò kì í jò níbẹ̀ mọ́. Bí àlejò bá ya ibẹ̀, tó gbójú sókè, tó bèèrè pé kí ni ọkùnrin yìí ń ṣe lórí ìkòkò, ìyá náà á ní kí ó má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí ní San Gaudencio, èyí nìkan ni ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.